Ẹ Pè Wá Sí Ìgbìmọ̀ Ọdún

 Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọmọ tó bá fẹ́ bá àgbà ro ẹjọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n n ó rò ó. Bí a ṣe ń ṣe ọdún Kérésì lágbègbè wa báyìí kò ṣe àwa ọmọ lóore. Ẹ̀ ń náwó lé wa lórí, ṣùgbọ́n ẹ kì í bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ̀ ń rán aṣọ fún wa, ṣùgbọ́n ẹ kì í pè wá sí ètò. Láti ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀pẹ títí di ọjọ́ 24, nǹkan méjì péré lẹ fi sílẹ̀ fún wa: kí a máa jẹ́ iṣẹ́, kí a sì máa retí. Ohun tí mo ń béèrè kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ pe ọmọdé sí ìgbìmọ̀ ọdún. Ẹ jẹ́ kí a jókòó tì yín, kí a jọ ka ọjọ́ mẹ́rìnlélógún náà, kí a sì jọ pinnu ohun tí a ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe.

Ọmọ Ìfọ̀nyìntẹ̀dó ni mí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá, létí ibodè Nàìjíríà àti Benin. Àkọ́bí ni mí, mo ní àbúrò mẹ́ta. Ìyá wa ń ta gàrí àti epo. Bàbá wa ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ó sì máa ń di alẹ́ tí ọdún ku ọ̀la kí a tó fojú kàn án. Ẹni tó bá ti gbé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ bí oṣù Ọ̀pẹ ṣe máa ń rí. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ètè ń ya. A ti ṣe ìdánwò tán, a ti pa ìwé dé, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fi wá ṣe ju pé kí a sáré dé ilé télọ̀, kí a wò ó bóyá ó ti fọwọ́ kan aṣọ wa. Télọ̀ á ní ó ku ọwọ́ kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún ku ọwọ́ kan. Ìyá ń ronú ìrẹsì, ó ń ronú adìẹ, kò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ bá béèrè pé, “Màámi, ó ku ọjọ́ mélòó?” èsì tí ó máa ń gbà ni pé, “Kúrò níwájú mi, jẹ́ kí n ráyè.” Àwọn ọmọkùnrin á fi owó ìpápánu ra bánńgà, wọ́n á máa yìn ín lẹ́yìn ilé títí iná á fi jó ẹnì kan lọ́wọ́. Nígbà tí ọjọ́ 25 bá dé, a ó wọ aṣọ, a ó jẹ ìrẹsì, a ó rìn kiri gba owó ọdún. Nígbà tí yóò bá fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọbẹ̀ ti ta sí aṣọ, owó ti tán, ọdún ti lọ. Ohun tó kù ni owó ilé-ìwé sáà kejì tí ó ń dúró dè wá nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́.

Ìdúró lásán ni ìyẹn, kì í ṣe ìrètí. Àwọn ìjọ bí Áńgílíkà àti Kátólíìkì ní orúkọ fún àkókò yìí. Ádífẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè é, ìgbà tí a ń retí bíbọ̀ Olúwa. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ kì í ṣáájú ọjọ́ 27 oṣù Bélú, kì í sì í kọjá ọjọ́ 3 oṣù Ọ̀pẹ. Láti ara rẹ̀ ni àwọn ará Jámánì ti mú káléńdà Ádífẹ́ǹtì jáde. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ìdílé kan níbẹ̀ máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà mẹ́rìnlélógún sára ilẹ̀kùn, ọmọ á sì máa nu ọ̀kan kúrò lójoojúmọ́. Ní 1839, Johann Hinrich Wichern, ẹni tó ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìní nílùú Hamburg, rí i pé àwọn ọmọ náà kò jẹ́ kí òun sinmi. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi í pé ìgbà wo ni Kérésì máa dé. Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè tiwa náà nìyẹn. Wichern kò ní kí wọ́n kúrò níwájú òun. Ó mú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù àtijọ́ kan, ó to àbẹ́là kéékèèké sí i fún àwọn ọjọ́ iṣẹ́ àti àbẹ́là ńlá mẹ́rin fún àwọn Ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n sì ń tan ọ̀kan kún un lójoojúmọ́. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé pàápàá lè wo àbẹ́là tó kù, kí ó sì mọ ibi tí ọdún dé.

Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Gerhard Lang, òǹtẹ̀wé kan ní Munich, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ káléńdà náà tà. Ìtàn sọ pé nígbà tí ó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ máa ń so ìpápánu mẹ́rìnlélógún mọ́ ara páálí fún un. Láti ìgbà náà ni ọjà ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Lónìí, ní Lọ́ńdọ̀n àti níbi púpọ̀, ilé ìtajà ni wọ́n ti ń rà á, ṣokoléètì ló sì wà lẹ́yìn fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Ọmọ á jí, á ṣí fèrèsé, á jẹ ohun dídùn, ó parí. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlélógún láìsí ẹni tó bá a sọ gbólóhùn kan. Irú èyí kọ́ ni mo ń tọrọ. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ gbé e wá fún wa láti òkè òkun lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn kò ní kí ẹ má pè wá. Ti Wichern àti ti ìyá Lang ni mo ń tọrọ, èyí tí àgbà jókòó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nítorí ọmọ.

Mo ti ń gbọ́ ẹni tó ń wí pé, “Àṣà òyìnbó tún dé.” Ta ló wá kọ́ wa láti lẹ òwú mọ́ àgbọ̀n ọkùnrin kan nínú oòrùn oṣù Ọ̀pẹ, kí a wọ aṣọ òtútù fún un, kí a sì máa pè é ní Bàbá Kérésì? N kò rí ẹni tó bínú sí ìyẹn. Kíka ọjọ́ de ọdún kì í ṣe ti òyìnbó. Yorùbá ló ń ka ọrún, tó ń ka ìsán, tó ń ka ìtàdógún. A kì í ṣe ọdún láìdá ọjọ́ rẹ̀. Nílẹ̀ Yewa wa níbí, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá pàtàkì lágbàáyé ní 2001 kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run lọ́jọ́ kan. Kí ọjọ́ tó pé, agbẹ́gilére ti gbẹ́gi, akọrin ti ń kọ́ orin, onílù ti ń dánra wò. Ọmọ kékeré ń wò wọ́n, ó ń jó lẹ́yìn ilé pẹ̀lú igbá lórí. Nígbà tí ọdún bá dé, kì í ṣe àlejò níbẹ̀.

Ẹ tún wo àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí. Ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tàbí ọgbọ̀n ni ààwẹ̀ Ràmàdánì. Wọ́n ń jí ọmọ fún sàárì. Ọmọ tí kò tíì lè gba ààwẹ̀ dalẹ́ ń gbà á di ọ̀sán, wọ́n á sì yìn ín. Tọmọdé tàgbà ló ń wojú sánmà bóyá oṣù ti lé. Lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, ọmọ náà mọ ohun tí ó ń yọ̀ sí, nítorí ó ti bá wọn rin ọ̀nà rẹ̀. Kí ló dé tí ọmọ Kìrìsìtẹ́nì yóò fi jẹ́ àlejò nínú ọdún tirẹ̀?

Ọdún yìí pàápàá kò bá ariwo wọ ilẹ̀ wa. Àgbádárìgì kò jìnnà sí wa. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, ajíhìnrere Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ síbẹ̀. Lábẹ́ igi Àgíyà ni wọ́n ti wàásù, ibẹ̀ náà sì ni ìtàn sọ pé wọ́n ti ṣe Kérésì àkọ́kọ́ nílẹ̀ tí ó wá di Nàìjíríà, ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún yẹn. Igi náà wó ní 1959. Àwọn tó pé jọ sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ni wọ́n wá gbọ́. Kò sí bánńgà nínú ìtàn yẹn, kò sì sí Bàbá Kérésì.

Àtakò kejì ni pé kò sówó. Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ fò sókè, oúnjẹ sì tẹ̀ lé e. Àwa tí à ń gbé létí ibodè kò lè sọ pé ìrẹsì òkèèrè kò jìnnà sí wa, nítorí láti 2016 ni ìjọba ti fòfin de kíkó o gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n torí pé kò sówó gan-an ni ó fi yẹ kí ẹ pè wá. Ọmọ tí wọn kò bá sọ̀rọ̀ yóò rò pé ahun ni ìyá òun. Òbí náà, kí ojú má bàa tì í, á lọ yá owó èlé ra aṣọ. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ á dé, wọ́n á lé ọmọ wálé nítorí owó ilé-ìwé, aṣọ Kérésì rẹ̀ á sì wà lórí okùn tó ń wò ó. Mo mọ ọmọ tí èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọ náà kò lè ka ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ṣáájú pé èwo ló fẹ́. Ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́wàá, yóò sọ fún yín. Ó mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín aṣọ kan àti sáà kan.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Àwọn ilé-ìwé kan wà tí wọ́n máa ń gba owó Bàbá Kérésì lọ́wọ́ òbí. Wọ́n á fi owó náà ra ẹ̀bùn, wọ́n á dì í dáadáa, Bàbá Kérésì á sì pín in fún àwọn ọmọ tí òbí wọn san. Àwọn tí òbí wọn kò san á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á máa wòran. Kí ni à ń kọ́ ọmọ níbẹ̀? À ń kọ́ ọ pé owó la fi ń ra oore. À ń purọ́ fún èyí tó gbà, a sì ń dójú ti èyí tí kò gbà. Ọmọ tí wọ́n tẹ́ sí ibùjẹ ẹran là ń ṣe ọdún rẹ̀. Bí ó bá wá sí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọn ìbá ní kí ó lọ dúró sí.

Ẹnu lásán kọ́ ni mo fi ń sọ ọ́. Ọdún méjì nìyí tí a ti ń ṣe káléńdà náà nílé wa, kò sì gba owó. Páálí ìṣáná tó ti ṣófo la fi ṣe é. Láti oṣù Ọ̀wàrà ni àwọn àbúrò mi ti máa ń tọrọ rẹ̀ kiri àdúgbò títí yóò fi pé mẹ́rìnlélógún. A ó kọ nọ́ńbà sí ara wọn, a ó fi okùn so wọ́n mọ́ ògiri pálọ̀. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù Bélú, ìgbìmọ̀ á jókòó. Oníkálùkù á mú àbá tirẹ̀ wá nínú ìwé pélébé. Àbíkẹ́yìn wa tí kò tíì lè kọ̀wé dáadáa á ya àwòrán tirẹ̀. Ìyá wa ló ní àṣẹ ìkẹyìn, ṣùgbọ́n yóò gbọ́ ti gbogbo wa kí ó tó pàṣẹ. Àwọn òfin wa kò pọ̀. A kò gbọ́dọ̀ ra ohunkóhun sínú páálí. Iṣẹ́ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọmọdé lè ṣe. Bàbá àti ìyá gbọ́dọ̀ ní páálí tiwọn, nítorí ìgbìmọ̀ tí ọmọdé nìkan ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ẹrú ni wọ́n kó jọ.

Ìṣirò kan wà níbẹ̀ tí ó dùn mọ́ mi. Níbi tí wọ́n bá ti ń ná ọjà ọrọọrún, ọjà mẹ́fà gééré ló máa ń bọ́ sínú ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ 1, yóò tún bọ́ sí ọjọ́ 5, 9, 13, 17 àti 21, ọjà keje á sì bọ́ sí ọjọ́ Kérésì gan-an. Ọjà Yorùbá ti ṣe ìdá mẹ́fà káléńdà náà kí a tó fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, àwọn páálí mẹ́fà yẹn jẹ́ ti ọjà. Ní ọjà kìn-ín-ní, iyọ̀ àti èròjà tí kì í bàjẹ́. Ní ọjà kejì àti ìkẹta, ìrẹsì ní kóńgò kọ̀ọ̀kan, kí ó má di ọjọ́ tí gbogbo ayé ń rà á. Lẹ́yìn náà, òróró àti àlùbọ́sà. Ọjà tó gbẹ̀yìn ni ti ata àti tòmátì tí kò lè pẹ́. Àbúrò mi kejì ló ń di ìwé ìnáwó mú. Ọmọ yìí máa ń sá fún ìṣirò bí ẹni sá fún ejò, ṣùgbọ́n ní ọdún tó kọjá ó bá ìyá wa jiyàn lórí ṣéńjì, òun ló sì jàre. Nígbà tí ó rí ohun tó kù nínú ìwé lẹ́yìn ọjà kẹrin, òun fúnra rẹ̀ ló dábàá pé kí a má rán aṣọ tuntun, kí a fọ aṣọ ọdún tó kọjá, kí a lọ̀ ọ́, kí a sì tú ìṣẹ́tí rẹ̀ kí ó gùn sí i. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: ọmọ ló dábàá rẹ̀. Bí ẹ bá pa á láṣẹ fún un, ẹkún ni ì bá fi dáhùn.

Páálí méjìdínlógún tó kù kì í ṣe ti ọjà. Ọ̀kan ní kí a gbá àyíká ilé màmá àgbà kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sí nílé. Ọ̀kan ní kí oníkálùkù fọ aṣọ kan tó ti kéré jù fún un, kí ó lọ̀ ọ́ dáadáa, kí ó sì fún ọmọ tí yóò bá mu, láìsọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ní kí a lọ kí àwọn aládùúgbò Mùsùlùmí wa, kí a sọ fún wọn pé a ń retí wọn lọ́jọ́ ọdún. Méjì jẹ́ ti imọ̀ ọ̀pẹ: ọjọ́ kan láti wá a, ọjọ́ kejì láti fi ṣe iwájú ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀kan jẹ́ ti ìyá àgbà wa, tí yóò pa àlọ́ fún wa ní èdè Ìfọ̀nyìn, nítorí èdè àdúgbò wa ti ń di ohun tí ọmọ ń fi ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan kò ní ohunkóhun nínú. Ọjọ́ náà, a ó sinmi. Lálaalẹ́, kí a tó sùn, ẹnì kan á ka orí kan nínú Ìhìnrere Lúùkù. Orí mẹ́rìnlélógún ni ìwé náà ní, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 1 á kà á tán lọ́jọ́ 24. Bíbélì Yorùbá la fi ń kà á, èyí tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí títí odindi rẹ̀ fi jáde ní 1884. Ẹ̀yin olùkọ́ èdè Yorùbá tí ẹ ń ké pé ọmọ kò lè ka àmì ohùn, ẹ gbìyànjú èyí wò.

Páálí mẹ́ta jẹ́ ti bàbá wa. Lálẹ́ ọjọ́ mẹ́ta yẹn, yóò pè wá láti Èkó, yóò sì sọ ìtàn Kérésì kan nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Kí èyí tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí à ń mọ̀ nípa bàbá wa nínú oṣù Ọ̀pẹ ni pé yóò fi owó ránṣẹ́. Ní báyìí, a mọ̀ pé ó ti fìgbà kan rí jí ẹsẹ̀ adìẹ jẹ nínú ìkòkò lálẹ́ ọjọ́ tí ọdún ku ọ̀la. Ẹni tó wọlé wá lọ́jọ́ 24 kì í ṣe àjèjì tó gbé àpò mọ́.

Páálí kan tún wà tí n kò gbọ́dọ̀ fò. Orúkọ ìlú wa fúnra rẹ̀ ń sọ pé Ìfọ̀nyìn ló tẹ ìdó síbí. Ìfọ̀nyìn wà ní Benin náà, níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ ní Ifangni ní èdè Faransé. Ẹbí wa wà níhà ọ̀hún. Nígbà tí ìjọba ti ibodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí ti Ìdìrókò padà. Kérésì mẹ́ta ló kọjá lórí ibodè títì. Ọmọ tó jẹ́ ọdún márùn-ún nígbà tí wọ́n tì í ti ń lọ sí ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó ṣí i, àwọn ìbátan rẹ̀ sì ti di orúkọ lásán lẹ́nu ìyá rẹ̀. Nítorí náà, páálí kan jẹ́ tiwọn. A ó gba ohùn wa sílẹ̀ sórí fóònù, a ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ wọn, a ó sì fi ránṣẹ́. Ìjọba lè ti ibodè, kò lè ti ẹnu.

Nítorí ibodè yìí náà ni mo ṣe ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ lóṣù Ọ̀pẹ, ẹlòmíràn á bá a wá iṣẹ́. Gbogbo wa mọ iṣẹ́ tí ọ̀nà inú igbó ń fúnni. Wọ́n á ní kí ó kàn gbé àpò kan kọjá, kí ó kàn jókòó lẹ́yìn ọ̀kadà kan di kẹ́ẹ̀gì mú. Owó ọdún ni. Ọmọ tó ń wá owó aṣọ ọdún tí kò sí ẹni tó ṣàlàyé fún un, báwo ni yóò ṣe kọ̀? Gbogbo ìgbà là ń fi ẹnu bú fàyàwọ́, a kì í béèrè ohun tó ń mú ọmọ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. N kò sọ pé páálí ìṣáná lè dá fàyàwọ́ dúró. Ohun tí mo sọ ni pé ọmọ tí wọ́n ń dúró dè nílé lálẹ́ kí páálí tó ṣí, tó mọ iye tí ilé ní, tó sì ti bá wọn pinnu lórí aṣọ rẹ̀, ẹni tó fẹ́ tàn án yóò ṣe wàhálà díẹ̀.

Àwọn kan á ní, “Bí ọmọ bá mọ iye owó tó wà nílé, yóò lọ tú àṣírí.” Ọmọ tó ń yọjú láti ojú ihò ilẹ̀kùn ló ń tú àṣírí. Èyí tí ẹ fún ní ìwé ìnáwó dì mú, ẹ ti fi í ṣe akọ̀wé, akọ̀wé a sì máa pa ẹnu mọ́. Àwọn mìíràn á ní kò sí àyè, oṣù Ọ̀pẹ ni ọjà ń yá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́ ni mo ń béèrè, iṣẹ́ tó sì wà nínú páálí wọ̀nyí, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ẹ̀ bá dá nìkan ṣe pẹ̀lú ìbínú. Èyí tó kù ni àwọn tó ń sọ pé ọmọ kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ẹ bá gbà á gbọ́, ẹ fi dá ilé tiyín.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má tíì máa pàtẹ́wọ́. Ẹni tó bá jókòó nínú ìgbìmọ̀ kò gbọ́dọ̀ padà wá sunkún pé wọn kò rán aṣọ fún òun. Ohun tí a bá jọ dá lábàá, a ó jọ ṣe é, títí kan gbígbá ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn nínú ọyẹ́ àárọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ṣe páálí yìí ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Bélú. Kí ẹ sì jẹ́ kí Bàbá Kérésì olówó lọ sinmi, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá fún ẹnì kan nínú kíláàsì, kí ẹnikẹ́ni má dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀yin òbí wa, tiyín ló rọrùn jù. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù Bélú tó ń bọ̀, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ pè wá jókòó. Ẹ sọ òótọ́ iye tó wà nílé fún wa. Ẹ bi wá pé kí ni ká fi ọjọ́ mẹ́rìnlélógún yìí ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ gbọ́ èsì wa.